Ẹni Tó Ba Jíà Jẹ́

Ọdún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà ni Gbádégẹṣin, tó ń ta páànù àti ìṣó ní Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́, ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Dúdú ni ọkọ̀ náà, ó sì ń dán débi pé àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ilẹ̀kùn rẹ̀ wo ojú ara wọn. Gbádégẹṣin kò mọ ọkọ̀ wà. Ó gba Sàídù, ọmọ ìyá ọlọ́ṣẹ tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ṣe dírẹ́bà. Sàídù ti wa lọ́rì fún ọdún mẹ́ta. Ọkùnrin gíga fíofío ni, àfi kó tẹrí ba kó tó lè wọ inú ọkọ̀.

Ohun kan wà tó ń dun Gbádégẹṣin. Ibikíbi tí wọ́n bá dé, Sàídù ni ojú àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí Gbádégẹṣin ti jẹ́ àgbà ìjọ, ìyàwó rẹ̀, Àtinúkẹ́, ń bá obìnrin kan ṣàwàdà nípa ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Rúùtù ló ni ọkọ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n Sàídù ni ọkọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Àwàdà lásán ni, ṣùgbọ́n ó wọ Gbádégẹṣin lára. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ẹsẹ̀ Sàídù àti ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń wakọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Sàídù gbàyè lọ síbi ìsọmọlórúkọ, Gbádégẹṣin mú kọ́kọ́rọ́, ó sì wa ọkọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀. Ó gbọ̀n jìgìjìgì títí ó fi dé ọ̀nà Ìsẹ́yìn, níbi tí ilé ti tán. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ yí jíà sí èkejì. Ó gbàgbé pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kí jíà tó lè yí. Ó fa ọ̀pá jíà, ọkọ̀ sì han bí ìgbà tí èèyàn ń fi ayùn rẹ́ irin. Ó rò pé agbára òun ni kò tó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì fà á pẹ̀lú gbogbo ara. Nǹkan kán kàù nísàlẹ̀ ọkọ̀.

Jíà kìíní ló fi wọ́ délé, òógùn ń ṣàn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó nu erùpẹ̀ ara táyà kúrò, ó fọ ọwọ́, ó jókòó ti ẹ̀kọ.

Nígbà tí Sàídù gbé ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò rìn jìnnà tó fi dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó tún wo inú rẹ̀, ó wá yíjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹnìkan ti fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí."

Àtinúkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò tó wá kí wọn kú àárọ̀ náà wà níbẹ̀. Ojú gbogbo wọn wà lára Gbádégẹṣin, ẹnu rẹ̀ sì ṣáájú ọkàn rẹ̀.

"Ta ni yóò fọwọ́ kàn án bí kò ṣe ìwọ? O ti ba ọkọ̀ mi jẹ́, o wá ń wá ẹni tí wàá dì í lé lórí. Kó ẹrù rẹ!"

Sàídù kó ẹrù rẹ̀ láìjiyàn. Ìyá rẹ̀ ló wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n foríji ọmọ òun. Gbádégẹṣin wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì wọlé lọ.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde níwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti tú àṣírí ọ̀tá inú ilé fún òun. Wọ́n kígbe halelúyà lé e lórí. Ó tún kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù pé kí wọ́n má gba Sàídù síṣẹ́. Sàídù wá iṣẹ́ títí ní Ọ̀yọ́, kò rí. Ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Ọkọ̀ náà kò dákẹ́. Wọ́n rọ òróró tó ki sí i, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún dé. Bó bá ti ń gun òkè Owódé bọ̀, kárakàra, kùùùn, àwọn tó wà nísọ̀ á ti máa sọ pé, "Bàbá Rúùtù ti ń bọ̀ nù un." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Gbádégẹṣin á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí irin bá ti ha irin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, sìmẹ́ńtì tí obìnrin yẹn kúnlẹ̀ lé ló ń rántí.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìjọ wọn ní àpéjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbádégẹṣin gbé Wòlíì James, olórí ìjọ wọn, síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú Àyìndé, dírẹ́bà tuntun, òun àti Àtinúkẹ́ sì jókòó sẹ́yìn. Wọ́n dé Tákíẹ́, láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ni jíà kọ̀ pátápátá. Àyìndé fà á, kò wọlé. Ó tì í, kò wọlé. Àwọn obìnrin akọrin tí wọ́n wà nínú lọ́rì lẹ́yìn wọn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń ti ọkọ̀ àgbà ìjọ láàárín ọjà, àwọn èèyàn sì dúró ń wòran. Wọ́n tì í dé abẹ́ igi máńgòrò kan tí fítà kan, atúnkọ̀ṣe tó ń jẹ́ Ògúnyẹmí, ti ń ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin kan yọ jáde lábẹ́ lọ́rì, ó na tán, ó ga fíofío. Sàídù ni. Ó rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn."

Ògúnyẹmí tú àpótí jíà sílẹ̀, ó da òróró inú rẹ̀ sínú abọ́. Eyín irin rọ́ jáde pẹ̀lú òróró dúdú náà. Ó mú ọ̀kan, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Èyí ti pẹ́ tó ti kán," ló wí. "Dírẹ́bà kọ́ ló sì ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà ló fi tipátipá fa jíà yìí."

Wòlíì James wo Sàídù, ó wo Gbádégẹṣin. "Bàbá Rúùtù, ṣé òun kọ́ lẹ sọ pé ó bà á jẹ́?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí Gbádégẹṣin ti sọ ọ́. "Ó ti pẹ́," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́." Sàídù gbé garawa, ó ní òun ń lọ pọn omi.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí jíà mìíràn lára ọkọ̀ àlòkù kan fi sí i. Ní àpéjọ, Gbádégẹṣin kúnlẹ̀ bí àwọn yòókù ti kúnlẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kan bá Ọlọ́run sọ. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ àwọn fítà, Ògúnyẹmí ní kí Sàídù gbé ọkọ̀ náà wò ní ọ̀nà Ìkòyí, kí ẹni tó ni ín bá a lọ. Ọkọ̀ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí. Kò sí ariwo tí Gbádégẹṣin lè fara pamọ́ sí.

"Sàídù, dúró."

Sàídù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan.

"Èmi ni mo bà á jẹ́. Ọjọ́ tí o lọ síbi ìsọmọlórúkọ."

"Mo mọ̀, sà. Mo bá ìjókòó dírẹ́bà tí wọ́n ti fà á síwájú. Ẹsẹ̀ yín kò gùn tó tèmi."

"Kí ló dé tí o kò wí?"

"Ta ni mo fẹ́ wí i fún? Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ẹ̀yin náà lẹ ń jẹ́rìí." Ọwọ́ Sàídù wà lórí sítíárìn, kò wò ó lójú. "Tèmi ti lọ. Mo rí iṣẹ́ kọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í lọ Àkẹ̀sán mọ́. Ìyá abọkọ̀jẹ́ ni wọ́n ń pè é nísọ̀ ọlọ́ṣẹ. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó kúnlẹ̀ fún yín, sà, ẹ sì mọ òótọ́."

Sàídù yí ọkọ̀ padà.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ní Ọ̀yọ́, Gbádégẹṣin dìde níwájú ìjọ, ó ní òun ní ẹ̀rí láti jẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kọ́kọ́rọ́ títí dórí sìmẹ́ńtì. Ẹnikẹ́ni kò kígbe halelúyà. Ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń sunkún lẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ló ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ. Ó bá a níbi tó ti ń ro ọṣẹ lórí iná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán, kò dáwọ́ ọṣẹ rírò dúró.

"Ẹ dìde, Bàbá Rúùtù. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń pe ara mi ní ìyá abọkọ̀jẹ́. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó bá mi dé Àkẹ̀sán, ẹ ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Ó bá a lọ. Ìsọ̀ páànù Gbádégẹṣin kò jìnnà síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó dúró láàárín àwọn ọlọ́ṣẹ, ó sọ ọ́. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òmíràn pòṣé. Ìyá Sàídù tẹ́ ẹní rẹ̀, ó to ọṣẹ sórí rẹ̀, ó jókòó bí ẹni pé àná ló kúrò níbẹ̀. Kò sọ pé òun ti foríjì í. Gbádégẹṣin náà kò lè bi í.

Sàídù kò padà wá wakọ̀ fún un. Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù sí.

Nígbà tí Gbádégẹṣin délé lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà náà, Àtinúkẹ́ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀.

"Ìgbà tí obìnrin yẹn kúnlẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀," ló sọ. "Mo fẹ́ gbé e dìde. Mo wò yín lójú, mo rò pé òótọ́ wà lẹ́yìn yín, ni mo bá fà sẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ nílẹ̀."

Gbádégẹṣin ti fọ ọwọ́. Ó jókòó síwájú oúnjẹ náà láìjẹ ẹ́, títí oúnjẹ fi tutù, ọwọ́ rẹ̀ sì gbẹ.