Ìka Ẹsẹ̀ Àkọ́bí

Láti ìdájí ni ìka ńlá ẹsẹ̀ Hakopa ti wú, tó pupa bí ata, tí aṣọ ìbora ò gbọdọ̀ kàn án. Ọjọ́ yìí gan-an ni àlejò ń bọ̀ wá ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ní àgbàlá ìdílé wọn létí òkun. Nínú àṣà wọn, àkọ́bí ló ń kí àlejò, orí ìdúró ló sì gbọ́dọ̀ wà. Bí kò bá lè dìde, Rewi àbúrò rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀, àyè àkọ́bí sì bọ́ nìyẹn. Ọjọ́ pẹ́ tí Rewi ti ń dọdẹ àyè ọ̀hún. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló kúkú wà.

Mereana ìyàwó rẹ̀ ò ṣàánú rẹ̀ rárá.

"Nọ́ọ̀sì ò wí fún ọ ni? Ásíìdì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ó ní ojoojúmọ́ ni kí o lo oògùn yẹn, pé ẹsẹ̀ lè kọ́kọ́ ta ọ́, kí o má dá a dúró. Ẹsẹ̀ ta ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, o da gbogbo ẹ̀ sí ilé ìgbẹ́!"

"Rewi ló ní oògùn yẹn ló ń bà mí lẹ́sẹ̀ jẹ́."

"Rewi kan náà tó gbé korobá ìṣáwùrú òkun wá fún ọ níjẹta, ohun tó ń mú ásíìdì yẹn pọ̀ sí i? O ò sì ṣẹ́ ẹyọ kan kù! Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà dun Hakopa ju ẹsẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, àwọn obìnrin ilé ké ìpè ìkáàbọ̀, àlejò wọlé, wọ́n jókòó. Lórí bẹ́ǹṣì, Rewi fẹnu sí i létí.

"Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀fun yín ló sọ yín di arọ. Màá bá yín sọ ọ́."

Inú bí Hakopa burúkú. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Bí ẹsẹ̀ ṣe kanlẹ̀ ló figbe ta. Àwọn àlejò rò pé igbe tí àgbà fi ń ṣí ọ̀rọ̀ ni, wọ́n ń mi orí, wọ́n láwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Rewi nìkan ló mọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Hakopa sọ̀rọ̀ lórí òkú ìyá rẹ̀ títí ó fi parí, omi ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, Rewi ti àwo ìṣáwùrú síwájú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti ṣiṣẹ́."

Hakopa tì í padà. "Ìwọ jẹ ẹ́. Kí ásíìdì ẹ̀ dì sí oríkèé tìrẹ."

Wọ́n sin ìyá tán, ó padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí kì í lo oògùn rẹ̀. Kì í ṣe nítorí Mereana, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀mí gígùn. Ó kàn ti pinnu pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin Rewi, òun ni yóò dìde sọ̀rọ̀.