Ìyá Inú Fọ́ọ̀mù

Kelepi gé ẹ̀ka tí kò yẹ kó gé. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí tó ti ń gé àjàrà ní Robinvale ní Ọsirélíà, òun ni olórí àwọn tó ń gé e, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà ó gbójú sókè, ó rí Nanise tó ń bọ̀ láàárín ìlà àjàrà, àlùmọ́gàjí sì bá ẹ̀ka tó yẹ kó so èso ọdún tó ń bọ̀, ó gé e bọ́ sórí koríko tí yìnyín ti bò funfun.

Ibi tí wọ́n ti ń di èso sínú páálí ni Nanise ń ṣiṣẹ́. Kì í wá sóko lásìkò iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n tíì rí i kó rìn wọ àárín àjàrà, lẹ́ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé ó wá túfọ̀ òkú fún ẹnì kan ni.

"Ìyá mi ti kú," ni Kelepi wí kí obìnrin náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹnu ẹ! Kò sẹ́ni tó kú o. Bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ, kó o jókòó."

Lopeti tó ń gé ìlà kejì na ọrùn wò wọ́n. "Sísítà Nanise, ṣé ẹ wá gbaṣẹ́ ni? Àlùmọ́gàjí kan ṣẹ́kù o. Àmọ́ kò mú tó ahọ́n yín."

"Lopeti, máa gé tìẹ lọ. Ojú iṣẹ́ ẹ nìyẹn, kì í ṣe ẹnu mi."

Lọ́jọ́ mìíràn, Nanise ì bá tún fi kún un. Lónìí ó kàn jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò kan ha èékánná èkejì. Bí ẹ bá mọ Nanise, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló dé. Olùkọ́ ni nílé, ní erékùṣù Tonga, kó tó wá, kò sì sí fọ́ọ̀mù kan tí ọmọ Tonga kan ní ní Robinvale tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé ọmọ, fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn, fọ́ọ̀mù mọ́tò tó fẹ̀yìn gbá ọgbà onílé. Òun náà ló kọ ti ìwé àṣẹ iṣẹ́ Kelepi.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni Kelepi ti ń retí ìwé náà. Ìretí ti di iṣẹ́ kejì fún un, iṣẹ́ tí kò ní ìsinmi. Kó tó wọ bàtà láàárọ̀, á yẹ fóònù wò. Bí wọ́n bá fọn fèrè oúnjẹ ọ̀sán, á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ fún un pé sùúrù ni baba ìwà, títí ó fi sú u láti gbọ́ ohun tó jẹ́ baba ìwà. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní Ọsirélíà láìgbàṣẹ kí ìwé tó jáde, gbogbo rẹ̀ di òfo, kò sì ní lè padà. Bí kò bá sì lọ, Toakase ìyá rẹ̀ wà ní Vavaʻu nílé, tí àtọ̀gbẹ ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ọdún kẹta rèé tí wọn kò tíì fojú kanra. Ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí fún ẹni tó gbé odó mì.

"Lọ́jọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù ẹ," ni Nanise bẹ̀rẹ̀, "mo bi ọ́ pé ta nìyá ẹ."

"Mo ní Toakase."

"Mo bi ọ́ bóyá ó wà láyé."

"Ó wà láyé. Kí ló dé?"

"Fọ́ọ̀mù tó o kọ́kọ́ fi wọ ìlú yìí, èyí tí akọ̀wé ìjọba kọ fún ọ ní Nukuʻalofa olú ìlú wa, Vika ló wà níbẹ̀. Ó wo ìwé ìbí ẹ, ó kọ Vika, ó sì kọ pé ó ti kú."

Vika ló bí Kelepi lóòótọ́. Toakase ni ẹ̀gbọ́n Vika, kò sì bímọ, nítorí náà nígbà tí wọ́n já Kelepi lẹ́nu ọmú, Vika gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe èyí ní nǹkan bàbàrà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tí a bá fún ẹ̀gbọ́n ti di ọmọ ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá sì wá ń béèrè pé ìyá rẹ gan-an ńkọ́, a ó mọ̀ pé wọn kò kọ́ ọ nílé. Nanise mọ èyí, kò sì béèrè. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti béèrè. Ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ ni kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ́fíìsì rí ni pé ìyá ọkùnrin yìí kú nínú ìwé kan, ó jíǹde nínú èkejì, ó sì pààrọ̀ orúkọ.

"Wọ́n fẹ́ kó o búra," ni Nanise wí, "pé Vika nìyá ẹ, pé Toakase kì í ṣe ìyá ẹ. Wọ́n sì fẹ́ kí Màmá náà tẹ̀ka síwèé pé òun ò bí ọ, òun ò sì gbà ọ́ tọ́ lábẹ́ òfin. Ìyẹn ló ń dá ìwé ẹ dúró."

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ̀wé ọ̀hún?"

Nanise wo ilẹ̀. "Ó ti pé oṣù mọ́kànlá."

Kelepi dìde. Inú bí i débi pé ó ní láti gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ kó má baà jù ú. Oṣù mọ́kànlá! Oṣù mọ́kànlá tó fi ń yẹ fóònù wò láàárọ̀ bí òmùgọ̀, tí obìnrin yìí ń bá a kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń bu oúnjẹ fún un lọ́jọ́ Àìkú, tó sì ń sọ pé kó má fòyà.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i?" Omi ti lé ròrò lójú Nanise. "Kí n wò ọ́ lójú, kí n ní ìyá ẹ kì í ṣe ìyá ẹ? Ta ló máa fi ẹnu ẹ̀ sọ ìyẹn fún ọmọ ọlọ́mọ? Mo ní kí n ti ẹ̀yìn bá ọ ṣe é parí. Mo fi ìwé ránṣẹ́ sí olórí abúlé. Màmá ní òun ò tẹ̀ka. Mo tún fi ránṣẹ́, wọ́n tún kọ̀. Lọ́yà tó ń bá wa ṣe é tọrọ àfikún ọjọ́ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì títí ó fi sú wọn. Ọ̀la ni wọ́n máa pa fáìlì ẹ dé, Kelepi. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́."

"Màámi mọ̀?"

"Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má sọ fún ọ."

Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó fi Nanise sílẹ̀ lórí garawa, ó rìn gba ìlà àjàrà já dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi ní ìpẹ̀kun oko, níbi tí fóònù ti máa ń mú dáadáa. Olórí abúlé ló gbé fóònù. Nanise ti ránṣẹ́ sí i, ó ti jókòó ti Toakase láti àárọ̀ pẹ̀lú ìwé àti yíǹkì, bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

"Màámi."

"Kelepi. O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Irọ́ lo ń pa. Ohùn ebi ni mò ń gbọ́ yìí."

"Nanise ti sọ fún mi."

Kelepi ń gbọ́ àkùkọ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àti ìgbálẹ̀ ẹnì kan tó ń gbá àgbàlá.

"Nanise ò lè pa ẹnu ẹ̀ mọ́," ni Toakase wí níkẹyìn. "Bí ìyá ẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Tó bá ra ẹja láàárọ̀, gbogbo abúlé á ti mọ iye egungun inú ẹ̀ kó tó gbé e kaná."

Kelepi kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí ẹ ò tẹ̀ka?"

"Ìbéèrè kan ni mo bi olórí abúlé. Mo ní tí mo bá tẹ̀ka, tí mo wá kú kí ìwé tó jáde, ṣé wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀ kó o wá sin mí? Ó lóun á bá mi wádìí. Ó padà dé, ó ní ìyá, bàbá, ìyàwó, ọmọ, òkú àwọn yẹn ni wọ́n ń fún èèyàn láyè torí ẹ̀. Ó ní àǹtí ò sí níbẹ̀. Mo ní ó dáa, kí ìwé wọn máa jókòó."

"Tí ìwé ò bá jáde, wọ́n á lé mi wálé."

"Mo mọ̀. Mo ní kí wọ́n lé e. Kó máa bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dé ìsàlẹ̀ ọ̀fun. "Inú mi ò mọ́, àbí? Mò ń gbàdúrà fún ìwé ẹ lójú ẹ, mo sì ń dè é mọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Mo fẹ́ rí ọ ni, Kelepi. Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀."

"Màámi."

"Ṣùgbọ́n ojú ọ̀hún ti lọ tán. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Tó o bá wọlé báyìí, mi ò lè rí ọ. Kí lo tún fẹ́ wá ṣe? Jókòó tì mí, kí àwa méjèèjì jọ máa gbọ́ àkùkọ?" Ó mí kanlẹ̀. "Ka ìwé yẹn fún mi. Olórí abúlé ń kà á bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sí mi létí. Ìwọ ni kó o kà á, èmi á máa tẹ̀ lé ọ."

Nanise ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù Kelepi. Kelepi jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti táǹkì. Ó ní, "Èmi, Toakase, tí mo ń gbé ní erékùṣù Vavaʻu." Toakase tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe máa ń kọ́ ọ ní ẹsẹ Bíbélì nígbà kékeré, ní oṣù Èbìbí tí gbogbo ọmọ ń dìde níwájú ìjọ láti kà á lórí. Òun á sọ ọ́ níwọ̀nba, ọmọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí ọmọ á fi mọ̀ ọ́n délẹ̀.

"Èmi kọ́ ni ìyá Kelepi."

Toakase kò dáhùn.

"Màámi?"

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Èmi kọ́ ni ìyá Kelepi."

"Èmi kọ́ ni ìyá Kelepi," ni obìnrin náà wí, ketekete, bí ọmọ tó mọ ẹsẹ tirẹ̀ dáadáa.

"Mi ò bí i."

"Mi ò bí i."

"Mi ò sì gbà á tọ́ lábẹ́ òfin."

"Ṣé wọ́n kọ ọjọ́ tí ibà mú un, tí mo gbé e gun ọkọ̀ ojú omi nínú ìjì lọ sọ́sibítù síbẹ̀?"

"Wọn ò kọ ọ́."

"Ó dáa. Mi ò sì gbà á tọ́ lábẹ́ òfin. Máa kà á lọ."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kelepi ń sunkún, ó sì ń kà á lọ títí dé ìlà ìkẹyìn. Nígbà tó parí, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé kó lọ jẹun, ó sì gbé fóònù fún olórí abúlé.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó wà níwájú Ọ̀gbẹ́ni Trevor, bàbá arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn lójú pópó, tí ìjọba fún láṣẹ láti gba ìbúra lọ́wọ́ èèyàn. Kelepi ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá náà fara balẹ̀ ka ìwé rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní kó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó sì bi í bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

"Òótọ́ ni," ni Kelepi wí.

"Ó dáa. Fọwọ́ síbí, kó o tún fọwọ́ síbí."

Ibi tó ti ń fọwọ́ sí èkíní ni fóònù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí káńtà. Àwòrán Toakase yọ lójú fóònù náà, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ funfun tó ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti tẹ̀ka nìyẹn. Ó fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó ti tán.

Ọ̀gbẹ́ni Trevor na fóònù náà sí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. "Gbé e o, mi ò kánjú. Ìyá ẹ ni?"

"Rárá," ni Kelepi wí. "Àǹtí mi ni."

Ó gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Kò há a lọ́fun, ahọ́n rẹ̀ kò sì wúwo. Láti àárọ̀ ló ti ń bẹ̀rù pé òun kò ní lè sọ ọ́, kò sì tíì mọ̀ títí di ìsinsìnyí pé ohun tó yẹ kó ba òun lẹ́rù ni bí yóò ṣe rọrùn tó. Fóònù náà ń gbọ̀n lọ lọ́wọ́ bàbá náà. Kelepi tẹ orí ba, ó wá ibi kejì, ó sì fọwọ́ sí i.