Àṣẹ Tí Taisto Fi Sílẹ̀

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun náà jókòó sí igun ọ́fíìsì ìjọ bí ìyàwó tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni nílé ọkọ. Iná rẹ̀ ń tàn, bébà kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n sáfà, kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ tẹ̀wé, kò gbọ́ èdè rẹ̀. Dráífà, ètò kékeré tó ń túmọ̀ èdè ẹ̀rọ fún kọ̀ǹpútà, ló máa kọ́ ọ. Irmeli, akọ̀wé ìjọ, sì ti yẹ dráífà náà wò dáadáa, ó bá sáfà mu. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fi í sínú rẹ̀, èsì kan náà ni: o kò láṣẹ.

Onni, olórin ìjọ, yọjú pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́.

"Irmeli, ìwé orin ìsìnkú Ìyá Saimi lọ́la ńkọ́? Àbí ká kàn máa kùn bí oyin?"

"Sáfà ò gbà fún mi."

"Pe Taisto."

"Nínú oṣù keje?"

Onni mi orí. "Òótọ́ ni. Wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́."

Nínú oṣù keje, tí gbogbo ìlú ń sinmi, ilé onípákó etí adágún ni kálukú ń wà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ pe èèyàn níbẹ̀ dà bí ẹni tó já wọlé bá ẹni tó ń wẹ̀. Taisto, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ìjọ tẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ mọ́. Ó ti gba iṣẹ́ mìíràn lọ sí Kemi, lókè àríwá, kí àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn ní oṣù kẹfà tó dé. Ọdún pípẹ́ ni tábìlì àwọn méjèèjì fi kọjú síra. Àràárọ̀ ni Taisto ń bu kọfí fún Irmeli, kò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ rí. Irmeli náà kò sọ. Láti ìgbà tí Taisto ti lọ ló ti ń wá ohun tí yóò fi pè é. Ohun náà ló wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé yìí.

Onni lọ tán, Irmeli gbé fóònù, ó pè é.

"Irmeli?" Omi ń gbá pákó lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Má bínú. Mo mọ oṣù tá a wà."

"Ilé ń jó ni?"

"Sáfà ló ní mi ò láṣẹ."

"O láṣẹ. Mo fún ẹ lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Báwo lo ṣe ń kúrò nínú sáfà?"

"Mo kàn máa ń pa á dé."

"Pípa á dé kọ́ ni jíjáde, ìwọ obìnrin yìí. Àṣẹ àtijọ́ tó o fi wọlé lo ṣì ń lò. Jáde pátápátá, kó o tún wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń wo ohun tó tọ́ sí ẹ."

Irmeli jáde nínú sáfà, ó tún wọlé. Dráífà wọlé wẹ́rẹ́. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì: ọkùnrin yìí ti ṣètò gbogbo nǹkan tán kí òun má bàa nílò rẹ̀ mọ́. Ó rán orin náà lọ, ẹ̀rọ kùn, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀.

"Mo ń gbọ́ ọ," ni Taisto wí. "Ó ti ṣiṣẹ́."

"Ó ti ṣiṣẹ́."

Kò sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù kalẹ̀.

"Ṣé ó pọ̀, èyí tó o fẹ́ tẹ̀?"

"Ó pọ̀ díẹ̀."

"Jẹ́ kó parí ná. Bébà lè há."

Irmeli fa àga, ó jókòó. Bébà ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń gbá pákó ní Kemi, ó sì ń bẹ ẹ̀rọ náà nínú ọkàn rẹ̀ pé kó rọra.