Omi Tó Tẹ́ Bí Ẹní

Ìyàwó Tíṣà Afẹ́fẹ́ ló ń rán gbogbo ìgbòkun tí ọkọ rẹ̀ fi ń kọ́ àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n kò gun pátákó kankan rí láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣubú, á fi orí gún ìgbòkun ya, Tíṣà á ká a wálé, obìnrin náà á tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá ìgbàlejò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀ sórí rẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ya. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òwú tó fi ń rán ìgbòkun nípọn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tóbi, ariwo rẹ̀ sì ń dé yàrá alájọgbé. Aránṣọ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dá a lójú.

Iṣẹ́ ọkọ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Pátákó gígùn kan ni, tó ń léfòó. Wọ́n á ri òpó mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n á so ìgbòkun mọ́ òpó, èèyàn á dúró sórí pátákó, á di ọ̀pá ìdìmú mú, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e lọ lójú omi. Lẹ́nu, ó rọrùn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á mu omi yó kó tó dúró dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá ibi tí omi ti tẹ́, tí kò sí ìgbì, fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà táwọn ọmọ wà nílé, ọ̀rọ̀ náà kò hàn. Àwọn ọmọ lọ tán, ilé dákẹ́. Sátidé á dé, ọkọ á di pátákó mọ́ orí mọ́tò, ìyàwó á jókòó ti ẹ̀rọ. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ọkọ á ròyìn omi, ìyàwó á ní "ẹ kú iṣẹ́," ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Tíṣà rí i pé àwọn méjèèjì ti ń di alájọgbé ara wọn, ó sì ń dùn ún wọ eegun. Ó ti bẹ obìnrin náà títí pé kó wá gun pátákó lẹ́ẹ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ni aránṣọ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Bàbá wọn, ẹ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá lọ. Ẹ wá omi tó dákẹ́ fún mi, màá gun nǹkan yín. Tí mo bá wá padà délé pé mi ò ṣe mọ́, ẹ ò ní dárúkọ ẹ̀ sí mi létí mọ́ títí ayé. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó."

Etíkun tí Tíṣà ti ń kọ́ni kò burú, àmọ́ ìgbì kéékèèké kò wọ́n níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń fi ẹni tó bá ṣubú ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ní mú ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀ láéláé. Ó kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ògiri òkúta tí wọ́n fi dí ìgbì níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Omi ibẹ̀ tẹ́, kò sírọ́, ṣùgbọ́n epo ń tàn lójú rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣubú síbẹ̀ á máa rùn bíi mọ́tò akẹ́rù. Ó lọ wo adágún tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́. Omi dákẹ́ lóòótọ́, afẹ́fẹ́ náà sì bá a dákẹ́, torí igi àti ilé gíga ti ká a mọ́. Ó na ìgbòkun, ìgbòkun rọ̀ wọ̀ọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Pẹ́pẹ́yẹ kan wẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yá jù ú lọ dáadáa. Ó lọ sẹ́nu odò. Ibẹ̀ wù ú gan-an, ó jókòó sórí òkúta, ó bu tíì láti inú fíláàsì. Kó tó mu tíì náà tán, òkun ti ń fà sẹ́yìn, odò sì ti ń sáré tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tíṣà bú odò náà, ó ká ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé.

Ẹ má sọ pé ọkùnrin yìí kò mọṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, "Ẹ má tíì wo omi. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú omi, ọ̀tá yín ni. Á bá yín tẹ́ omi etí ilẹ̀ kó rí dídán, tẹ́ ẹ bá wá gùn ún, á gbé yín lọ, ẹ ò sì ní mọ ọ̀nà ilé." Ó ti sọ ọ́ títí ó ti dà bí orin lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó wá débi ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì kan tí wọ́n ti tì pa. Ògiri ilé iṣẹ́ náà ga, ó sì gùn, ó fẹ̀yìn ti ọ̀nà, ó kọjú sómi. Lábẹ́ ògiri yẹn, omi tẹ́ bí ẹní. Kò sí ọkọ̀, kò sí ìṣàn, kò sí ọ̀dọ́ tó máa rẹ́rìn-ín. Tíṣà fò sókè, ó ya fọ́tò, ó sáré wálé.

"Ìyá wọn, wò ó! Bá mi wá ìgbì kan ṣoṣo níbẹ̀."

Aránṣọ gbé ìgò ojú rẹ̀ wọ̀, ó wo fóònù náà dáadáa. "Ó dákẹ́," ó ní. "Ṣé ó jìn?"

"Àá, kí ni ti jíjìn? Ṣebí ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó á wà lọ́rùn ẹ. Jíjìn kì í ṣe wàhálà, ìgbì ni wàhálà."

Obìnrin náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní dandan, òun á bá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì sóhun tí ẹnu rẹ̀ kò lè gbé. "Àna wa," ó ń sọ fún Tíṣà bí wọ́n ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀ létí ọ̀sà, "ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo nìyí o. Bí mo ṣe kà á wá ni mo máa kà á lọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ àga rẹ̀ sétí omi, ó ṣí agbòòrùn pupa kan. Kò tíì jókòó dáadáa tí afẹ́fẹ́ fò kọjá lórí ògiri, ó já agbòòrùn gbà, ó jù ú sómi. Agbòòrùn dojú dé, ó yí padà, ó ṣíkọ̀. Wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ tààrà sí òdìkejì ọ̀sà, títí tí kò fi ju ọmọ ata lọ lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n figbe ta. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó di inú mú.

"Ẹ̀gbọ́n, agbòòrùn yín ti kọ́ iṣẹ́ yìí ṣáájú ìyàwó mi!"

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ń jẹun nídìí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ fi àmì hàn án gbangba, ó ń fi í ṣẹ̀rín. Okùn gígùn tó fi máa ń so pátákó akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú bùùtù mọ́tò, kò mú un. Lórí omi tó dákẹ́ báyìí, kí ni wọ́n fẹ́ fi okùn ṣe? Pátákó tiẹ̀ wà nílẹ̀ létí omi, ìgbòkun rẹ̀ sì wà ní kíká nínú àpò, torí gbogbo ohun tó ń wù ú kò ju pé kó dúró ti obìnrin yìí lọ.

Aránṣọ ṣubú, ó gùn, ó tún ṣubú. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣubú, ó máa ń yára di pátákó mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí nǹkan rẹ̀. Tíṣà kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, obìnrin náà dúró. Ó fa ìgbòkun sókè díẹ̀díẹ̀, ó di ọ̀pá mú, ó gbójú sókè, ó sì rí ojú rírán ọwọ́ ara rẹ̀ tí oòrùn ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ kún un. Gbogbo ojú rírán náà le danindanin, kò sí èyí tó tú. Láti ọjọ́ tó ti ń rán an, kò rí i báyìí rí. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ń lọ! Bàbá wọn, ó ń lọ!"

Ó ń lọ lóòótọ́. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ títí tó fi rí i pé pátákó ti kọjá ibi tí ògiri ń bò, pé ojú omi ọ̀hún ti ń ru, àti pé òun kò tíì kọ́ ìyàwó òun bí wọ́n ṣe ń yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sófuurufú.

"Ju ìgbòkun sílẹ̀!" ó kígbe. "Jù ú sómi, á dúró!"

Obìnrin náà gbọ́, torí ó mi orí. Kò jù ú sílẹ̀.

"Àna wa, níbo ló ń lọ?" Ẹ̀gbọ́n ti dìde lórí àga.

"Ó ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ń bọ̀ kẹ̀? Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mò ń wò yìí! Ẹni tó ń bọ̀ a máa kẹ̀yìn síni ni?"

Tíṣà sáré jáde lómi. Ó tú àpò, ó na ìgbòkun, ó so ó, okùn ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò so ó rí. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Nígbà tó fi bọ́ sójú omi, ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú, ó ti fa ara rẹ̀ sórí pátákó, ó jókòó, ó di òpó mọ́ra, afẹ́fẹ́ sì ń tì í lọ ní tirẹ̀. Tíṣà ń sáré tẹ̀lé e, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fún mi, mo ti fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ̀rọ á máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi á máa dá di pátákó mọ́ mọ́tò.

Ó bá a ní òdìkejì. Obìnrin náà kò sí lórí pátákó mọ́. Ó dúró sínú omi tó mù ún dé ìbàdí, ọwọ́ kan lára pátákó, agbòòrùn pupa Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ kejì. Irun rẹ̀ tutù rin, ètè rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Ìyá wọn, ṣé ara ẹ le? Jọ̀ọ́, má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ẹ̀rù bà mí," ó ní. "Ẹ̀rù bà mí débi pé mo pe ìyá mi."

"Ìwọ náà, kí ló dé tí o ò ju ìgbòkun sílẹ̀?"

"Ìgbòkun tí mo kúnlẹ̀ rán títí orúnkún mi bó, kí n wá jù ú sómi? Ẹ ò kúkú ṣe ní kí n ju ẹ̀rọ mi sí i?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Tíṣà, kò gbọdọ̀ rín in. "Mo ṣe bí ìgbì ló ń bà ọ́ lẹ́rù, ìdí tí mo fi..."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Mi ò bẹ̀rù ìgbì rí. Kí ẹsẹ̀ mi má kanlẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, láti kékeré. Mo bi yín pé ṣé ó jìn. Kí lẹ dá mi lóhùn?"

Ọkùnrin náà rántí ìbéèrè náà. Kò sí omi tí kò yẹ̀ wò ní gbogbo àyíká, ṣùgbọ́n kò yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Ojú tì í, ó sì dùn ún.

Fóònù tó fi rọ́bà wé, tó gbé kọ́rùn, dún. Ẹ̀gbọ́n ni.

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Ẹ̀gbọ́n. Agbòòrùn yín náà wà láàyè."

"Ìyẹn dáa. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ìhín, àna wa, èmi pẹ̀lú yín ṣì máa sọ̀rọ̀."

Bó ṣe ń fi fóònù sílẹ̀ ló ráyè wo ibi tí wọ́n wà. Yanrìn kan gùn lábẹ́ omi lọ́ọ̀ọ́kán, ìgbì kéékèèké ń dé ibẹ̀, wọ́n ń fọ́, èyí tó ń wọlé kò tó nǹkan. Nínú lọ́hùn-ún, omi mọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ látojú omi bọ̀ wá sílẹ̀, ẹni tó bá ṣubú síbẹ̀, ilẹ̀ náà ni á tì í padà sí. Tíṣà rí i kedere. Ibi tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyí, agbòòrùn ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ti ṣèlérí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkè ìgbòkun. "Jẹ́ ká fẹsẹ̀ yí ọ̀sà po padà síbi mọ́tò. O ti gùn ún lẹ́ẹ̀kan bó o ṣe sọ. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ sí ọ mọ́."

Aránṣọ pa agbòòrùn dé, ó gún un mọ́ yanrìn lẹ́bàá ilẹ̀. Ó padà wá sínú omi, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì, gbì, bí ẹni tó ń dán pákó ilé tuntun wò.

"Ṣebí tí mo bá padà délé ni mo sọ," ó ní. "A ò tíì délé."

Ó gun pátákó, ó kúnlẹ̀ sórí rẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ ní yàrá ìgbàlejò, ó sì na ọwọ́ sí okùn ìgbòkun. Tíṣà fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, ó wọ́ omi wá, ó di ìdí pátákó mú. Ó fẹ́ sọ fún un ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ìyá wọn," ó ní, "ṣé kò jìn jù fún ẹ níbí?"

Obìnrin náà yíjú padà sí i.

"Kò jìn jù," ó dáhùn. "Ẹ ṣé tí ẹ béèrè."

Ó dìde dúró, ó sì fa ìgbòkun sókè.