Délù Jókòó Lé Àpò Onígbàjámọ̀

"Dìde lórí àpò mi, ẹrúbìnrin. Oòrùn ti ń lọ."

"Ta ni ẹrúbìnrin? Ìwọ tí baba ńlá mi fi àpò ọkà kan ra baba ńlá rẹ, tó tún gba ṣéńjì?"

Délù kò mira. Ó tún ìdí gbé lé àpò awọ náà dáadáa, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, àwọn ọmọ tó tò sábẹ́ igi dógóyárò sì bú sẹ́rìn-ín. Bí oṣù bá lé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ààwẹ̀ parí nìyẹn, ọ̀la dọdún. Gbogbo ilé ló ń hó. Aṣọ tuntun ti wà lórí okùn, àwọn obìnrin ń gún ata, kò sí ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbélẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí Tánímù onígbàjámọ̀ fá orí gbogbo àwọn ọmọ ilé bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, abẹ Tánímù sì wà lábẹ́ ìdí Délù.

Ọ̀rọ̀ ẹrú tí wọ́n ń bá ara wọn sọ yìí kò gbọdọ̀ dun ẹnikẹ́ni. Ọmọ Góbìr ni Délù, ìlú Tìbírì ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Katsina ni Tánímù, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìdílé ọkọ Délù ní ìlú Máràdì tí wọ́n ń gbé. Àwọn baba ńlá wọn jagun jagun títí ó fi sú wọn, ni wọ́n bá sọ ìjà di eré. Títí di òní, ọmọ Góbìr lè bú ọmọ Katsina láàárín ọjà, kó gba fìlà orí rẹ̀ sálọ, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n Délù kò wá ṣeré lásán. Nítorí orí àkọ́bí rẹ̀ ló ṣe jókòó síbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni làpálàpá mú ọmọ náà lórí. Irun rẹ̀ ń re ní róbótó róbótó, ó ń yún un, kì í jẹ́ kó sùn. Ìyá Kàndé, ìyá ọkọ Délù, fi gbogbo ìpara tó wà lọ́jà pa á lórí, pàbó ló já sí. Nígbà tí Délù gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tí ojú rẹ̀ le bí òkúta ló là á yé e.

"Ìpara lè wo ti ara. Ti orí yìí ti wọ ìdí irun lọ, ìpara kò lè bá a níbẹ̀. Oògùn tó máa gbé mì ló máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn débẹ̀. Wàrà tó lọ́ràá ni kó máa fi gbé e mì, ọ̀rá ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lára. Tí o bá sì rí i pé irun ti ń hù, má torí ìyẹn dá a dúró. Èmi ni màá sọ pé ó tó."

Délù ṣe é bẹ́ẹ̀. Irun hù. Ló bá di ọdún Iléyá, Tánímù dé pẹ̀lú abẹ kan àti igbá omi kan, ó ń ti orí ọmọ kan bọ́ sí orí ọmọ kejì. Kí ọyẹ́ tó parí, làpálàpá ti padà. Díẹ̀ ló kù kí dókítà lé Délù jáde. "Ṣé oògùn mi ni kò dáa ni, àbí abẹ yín?" Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n tún padà sí, hóró oògùn lójoojúmọ́, wàrà lójoojúmọ́. Ní báyìí, irun dúdú ti tún bo gbogbo orí ọmọ náà. Nígbà mìíràn tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, Délù á fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí náà, á máa dá rẹ́rìn-ín.

Kí ló dé tí kò kàn sọ ọ́ síta? Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣe ìyàwó ilé ní Máràdì. Èèyàn kì í bá ìyá ọkọ jiyàn, pàápàá jù lọ lórí àkọ́bí. Ìyá tó bá ń gbé àkọ́bí rẹ̀ gẹ̀gẹ̀ lójú àna, wọ́n á ní kò nítìjú. Kì í tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. "Ọmọ yìí" ni Délù ń pe tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bí i. Ísúfù ọkọ rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun á bá ìyá òun sọ ọ́, àmọ́ télọ̀ ni, aṣọ ọdún ti yọ ọ́ nínú ewu. Kò tíì wálé láti àárọ̀.

Ìyá Kàndé jáde láti yàrá, ó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì fa Sàfíyá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré tó ń tọ́, tí wọ́n we gèlè róbótó lé lórí.

"Délù, eré ti tó. Fún un ní àpò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fá orí ọkọ rẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

Délù wolẹ̀. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló kọjú sí.

"Tánímù, ẹrú wa, tí o bá fá orí kan tán, kí lo fi ń nu abẹ kí o tó kan èkejì?"

"Omi ni. Àti ìtan ṣòkòtò mi."

"Omi kan náà fún gbogbo wọn?"

"Ṣé kí n máa gbẹ́ kànga fún orí kọ̀ọ̀kan ni?"

Àwọn ọmọ tún rẹ́rìn-ín. Délù náà rín díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè kí ó lè dé etí ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ gan-an. "Bá mi sọ fún àwọn ará Katsina, àwọn èèyàn rẹ tí etí wọn wúwo. Sọ fún wọn pé làpálàpá ń gun abẹ bí ẹni gun ràkúnmí, tó ń ti orí kan bọ́ sí òmíràn. Sọ fún wọn pé ọmọ kan wà nínú ilé yìí tó ti gbé oògùn mì láti ọyẹ́ títí di ooru yìí, tí wọ́n fẹ́ fi ìfárí ọjọ́ kan bà á jẹ́."

Tánímù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Délù, ṣé eré la ṣì ń ṣe?"

"Eré ni. Tí kì í bá ṣe eré, mi ò lè sọ ọ́."

Onígbàjámọ̀ dìde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó hàn lójú rẹ̀. "Abẹ bàbá mi nìyẹn," ló sọ.

Ìyá Kàndé kò wo ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ó na ọwọ́ sí ọmọkùnrin tó wà níwájú ìlà, àkọ́bí Délù. "Ìwọ, wá jókòó. Ọmọ ọkùnrin kì í gbé irun lọ yídì. Tánímù, tí o bá ní abẹ mìíràn nínú àpò agbádá rẹ, mú un jáde."

Tánímù ní òmíràn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó fẹ́ jókòó.

"Làwáli, dúró síbẹ̀."

Odó tó ń dún lẹ́yìn ilé dákẹ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ Délù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ la ojú sílẹ̀, nítorí kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Ìtìjú bo Délù láti orí dé ẹsẹ̀, síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá tún dán an wò, òun á tún pè é.

Ìyá Kàndé fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kan, ó fa òmíràn. Nígbà tó yá, ó fa Sàfíyá mọ́ra, ó sì tú gèlè orí rẹ̀.

Àpá kan wà láàárín orí ọmọdébìnrin náà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, irun ti re kúrò níbẹ̀, ó funfun, ó sì ní èépá. Òórùn ìpara gba ibẹ̀ kan.

"Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń gba ààwẹ̀," ni ìyá arúgbó wí. "Mo rò pé ìpara á mú un. Mo ń dá pa á fún un kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀."

Tánímù wo orí náà pẹ́. Ó wo abẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó sì jù ú sórí itan Délù.

"Gba ìyẹn mọ́ ọn. Mi ò fá orí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí lọ́dún yìí. Ẹni tó bá bi mí, màá ní ẹrúbìnrin Góbìr kan ló gba abẹ mi. Ta ló máa bá mi wí?"

"Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí, ẹrú wa."

"Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún, ìwọ náà á sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú abẹ kó má baà gbé àrùn. Mo láwọn ọmọ nílé."

"Abẹ tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan ni dókítà wí. Èyí tó bá jẹ́ irin, kí omi máa hó lé e lórí. Mú àwọn ọmọ náà wá, màá yẹ̀ wọ́n wò."

Tánímù mi orí, ó sì jáde lọ́wọ́ òfo, ó ń ké sí àwọn aládùúgbò pé wọ́n ti ja òun lólè. Àwọn ọmọ tú ká. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ láti ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé wọ́n ti rí oṣù, gbogbo ilé bá bọ́ síta, wọ́n ń na ìka sókè, wọ́n ń fò.

Délù àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù lábẹ́ igi, Sàfíyá sì wà láàárín wọn.

"Tí ọdún bá tán," ni Ìyá Kàndé wí, "wàá gbé ọmọ yìí lọ bá dókítà rẹ yẹn."

"A ó jọ lọ ni, Ìyá. Kí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

"Èmi? Kí n lọ jókòó síwájú ọmọdé, kó máa bú mi nítorí ìpara?"

"Á bú yín díẹ̀, Ìyá. Èmi náà, ó bú mi. Lẹ́yìn náà á fún yín ní oògùn."

Ìyá arúgbó pòṣé, àmọ́ kò ní òun ò lọ. Ó ká gèlè náà sọ́wọ́. Sàfíyá tẹ orí ba kí wọ́n tún wé e fún un bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá Kàndé ti gèlè bọ ìbàdí ara rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà sáré lọ wo oṣù bẹ́ẹ̀, láì wé nǹkan kan lórí.