Áàpù Tí Mo Yàn fún Ẹlẹ́rìn-ín

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá pè wá, èmi àti Ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká má wulẹ̀ jókòó, ọ̀rọ̀ náà ò ní pẹ́. Àwa méjèèjì la máa ń tún ilé iṣẹ́ yẹn ṣe, láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹrin, inú àti ìta. Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́.

"Èwo nínú wa?" Ẹlẹ́rìn-ín ló béèrè. Èmi ò lè béèrè.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn ò dàgbà ju àbíkẹ́yìn ìyá mi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn ṣe ojúsàájú, torí náà eré ni wọ́n máa fi yanjú ẹ̀. Ní Sátidé, gbogbo òṣìṣẹ́ máa wá àpótí.

Wọ́n ṣàlàyé ẹ̀. Àwọn kan wà tó ń fi àpótí kéékèèké pamọ́ káàkiri ìta, wọ́n á wá fi ibi tí wọ́n fi í sí hàn nínú áàpù kan lórí fóònù. Ìwọ náà á gbé fóònù rẹ, wàá máa tẹ̀ lé ọfà tó ń yí lójú ẹ̀ títí wàá fi débẹ̀. Tó o bá rí àpótí, ìwé wà nínú ẹ̀. Wàá kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, wàá dá àpótí padà sí àyè ẹ̀. Ó parí. Àwọn tó ń ṣeré yìí pọ̀ láyé, ọ̀gá ní àyíká ilé iṣẹ́ wa nìkan àpótí lé ní mẹ́wàá.

"Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá kọ́kọ́ wà nínú ìwé àpótí nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun niṣẹ́ kù fún. Ìwé nìkan ni mo máa wò o. Fóònù lè parọ́. Èèyàn lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì kó tẹ̀ ẹ́ pé òun ti rí i."

"Tí ẹnì kankan nínú wa ò bá wá rí i ńkọ́, ọ̀gá?" Ẹlẹ́rìn-ín tún béèrè.

Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. "A á wá ẹlòmíì."

Akáúńtàǹtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Màmá, ẹ lọ ra bàtà eré o," gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín náà bá wọn rín in. Bó ṣe rí nìyẹn. Ohun gbogbo ló máa ń rín, òun ló fi jẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín.

Èmi ò rín. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń nu ilẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ta ló fẹ́ gba arúgbó tí ẹ̀yìn ń dùn?

Ẹ̀yìn yẹn. Lọ́dún tó kọjá ó dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹlẹ́rìn-ín ló ń ṣe iṣẹ́ tèmi mọ́ tiẹ̀. Tí wọ́n bá bi í léèrè mi, tó bá wà nísàlẹ̀, á ní mo wà lókè, tó bá wà lókè, á ní mo wà nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ dòní. Ọkọ ẹ̀ wà nílé, apá kan ara ọkùnrin náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo mọ gbogbo èyí. Mo ń kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Sójà ló fi áàpù hàn mí. Òun ló ń ṣọ́ géètì, ó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ó sì máa ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe eré àpótí yìí. Mo pè é wọ yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn tí a ń kó bọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Mo rí i dájú pé Ẹlẹ́rìn-ín wà ní àjà kẹta kí n tó la ẹnu.

"Mẹ́ta ló wà, Ìyá Mọ́ọ̀pù," ó ní. "Àkọ́kọ́ yìí, olè ni. Á fi àpótí méjì hàn ọ́, á wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú, á ní kó o sanwó. Fi í sílẹ̀."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ìkejì ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wò ó. Àwọn tó rọrùn ló fi àwọ̀ ewé sàmì sí yẹn. Á ṣàlàyé fún ọ pé abẹ́ ni kó o wò, tàbí ẹ̀yìn. Kódà tí dátà ẹ bá tán, á ṣì máa ṣiṣẹ́."

"Ìkẹta?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn, ti àwọn ògbólógbòó ni. Kì í ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ìràwọ̀ ló fi ń sọ bó ṣe le tó. Ìràwọ̀ kan, ọmọ ọwọ́ á rí i. Ìràwọ̀ márùn-ún, kó o ti dágbére fáwọn ará ilé."

Ó bá mi gba ìkejì sórí fóònù mi. Mo dúpẹ́. Ó padà sí géètì ẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín fi sọ̀ kalẹ̀, fóònù ẹ̀ lọ́wọ́, ojú fóònù náà ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n mú? Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan. Mo gba fóònù náà. Ìkẹta ni mo fi sí i.

"Èyí ló dáa jù," mo ní.

"Kí ni ìràwọ̀ wọ̀nyí ń ṣe?"

"Bí ìràwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni àpótí ṣe dáa tó. Márùn-ún ni kó o máa wá."

"Bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì!"

"Bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì."

Ó rín in kèèkèè. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà. Bẹ́ ẹ ṣe ṣe é fún mi, Ọlọ́run á ṣe é fún yín."

Mo ní àmín.

Ó tó kí n dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ya etí páálí ọṣẹ kan, ó nà án sí mi pẹ̀lú báírò. Ó ní, "Ó wá ku orúkọ. Ẹ bá mi kọ orúkọ mi sí i, gàdàgbà, kí n lè máa wò ó kọ títí di Sátidé. N ò fẹ́ rí àpótí tán kí n wá máa wo ìwé bí ewúrẹ́."

Mo gbé páálí náà lé orí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀, n ò purọ́ fún yín. Mo ti fi báírò kan páálí. Mo wá ronú pé: tó bá jẹ́ òun ló rí i ńkọ́? Orúkọ tèmi ni mo kọ. Gàdàgbà, bó ṣe ní kí n kọ ọ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé tí mo bá kọ́kọ́ rí tèmi, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Tí n ò bá rí i... N ò ro ìyẹn parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ẹlẹ́rìn-ín ń kọ orúkọ mi síbi gbogbo. Ó fi ìka kọ ọ́ sára eruku mọ́tò ọ̀gá. Ó fi mọ́ọ̀pù kọ ọ́ nínú fóòmù ọṣẹ lórí ilẹ̀. Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń nù ún. Lọ́jọ́bọ̀ ó fa omi gbígbóná sínú ọpọ́n ìfọwọ́ ní ilé ìyàgbẹ́ àjà kẹrin, ooru omi bo dígí, ó sì fi ìka tó lọ́ṣẹ kọ ọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìwo páálí.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n! Èmi rèé!"

Ìgbà náà ni akọ̀wé ọ̀gá ń ti ilẹ̀kùn bọ̀. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì nù. Omi ìdọ̀tí bo bàtà akọ̀wé, ó fò sókè, ó pè mí ní ẹran, ó pè mí ní òkú, ó sì jáde. Mo ti nu dígí kó tó tún wẹ̀yìn wò. Ẹlẹ́rìn-ín ń bá mi fi mọ́ọ̀pù fa omi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má dá a lóhùn, ìwà ẹ̀ nìyẹn."

Sátidé dé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n fọn fèrè. Àmì aláwọ̀ ewé márùn-ún ló wà lójú áàpù mi, gbogbo ẹ̀ yí ilé iṣẹ́ ká. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Àkọ́kọ́: ẹ̀yìn páìpù òjò níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ọfà yí, ó dúró. Mo bẹ̀rẹ̀. Ògiri nìkan ni mo rí, ó mọ́ tónítóní. Ìkejì: abẹ́ àga gbọọrọ iwájú ilé. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Òfo. Ìkẹta: abẹ́ irin àtẹ̀gùn ìta. Áàpù ní dúdú ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó lẹ̀ mọ́ irin. Mo fi ọwọ́ pa irin náà látòkè délẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí.

Nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, nígbà òjò tó kọjá. Ó lẹ̀ mọ́ irin bí eégbọn. Mo fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ìdérí ẹ̀ ṣí, ìwé kékeré kan jáde, orúkọ èèyàn kún un. Mo ní irú ìdọ̀tí wo nìyí. Agolo ẹ̀yìn páìpù ńkọ́? Mo rántí òun náà. Ike abẹ́ àga, mo rántí pé ẹranko oníke kékeré kan wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níṣẹ́ ni: ohun tí kò bá jẹ́ ara ilé, inú àpò dúdú. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ti yìn mí rí nítorí ẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń tún ẹ̀yìn ilé ṣe tó mi.

Mo dé ìkẹrin, mo dé ìkarùn-ún. Kí ni mo ń wá? Ibi tí ọwọ́ dé ni wọ́n ń fi èyí tó rọrùn sí. Ibi tí ọwọ́ dé náà ni ìgbálẹ̀ mi ń dé. Áàpù náà ò parọ́. Èmi ni mo ti gbá gbogbo ẹ̀ dànù.

Mo gbọ́ ẹ̀rín lókè. Ẹlẹ́rìn-ín wà lórí àkàbà irin tó lọ sídìí táǹkì omi lẹ́yìn ilé, ó ti kọjá fèrèsé àjà kẹta. Sójà dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà náà mú.

"Sọ̀ kalẹ̀, obìnrin yìí! Ìràwọ̀ márùn-ún nìyẹn!"

"Mo mọ̀! Ẹ̀gbọ́n ní márùn-ún ló dáa!"

Sójà yí orí, ó wò mí. Mo wo bàtà mi. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ti wà lábẹ́ táǹkì, ó ti ń pariwo pé òun ti bá a.

Nínú yàrá oúnjẹ la ti pàdé. Gbogbo wọn ti jókòó kí Ẹlẹ́rìn-ín tó wọlé, orúnkún ẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé ìbọ̀sẹ̀. Ó gbé odindi àpótí dání.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ dá a padà ni," akáúńtàǹtì ní. "Ẹ wá gbé e bọ̀ bí ẹni gbé ẹyin!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu tábìlì. Òun náà rín in.

"Mo kọ orúkọ mi," ó ní. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ọ̀gá ṣí ìwé náà. Wọ́n kà á. Wọ́n gbójú sókè, èmi ni wọ́n wò. "Màmá, orúkọ tiyín ló wà níbí."

"Ẹ tún un wò, ọ̀gá. Èmi ni mo gùn ún. Sójà ńkọ́?"

"Òun ló gùn ún," Sójà ní látẹnu ọ̀nà.

"Kí ni mo sọ lọ́jọ́ Ajé?" Ọ̀gá ń wò mí síbẹ̀, wọ́n tún wo Ẹlẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ó ti yé wọn. Ó yé wọn yékéyéké. Ó sì dùn mọ́ wọn. "Ìwé nìkan ni mo ní mo máa wò."

Ẹlẹ́rìn-ín fa páálí yọ nínú àyà ẹ̀, ó ti rọ̀ bí aṣọ. Ó gbé e fún mi lójú gbogbo wọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á sí wọn létí. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀."

Mo gbà á. Mo kà á nínú.

"Ọwọ́ ẹ̀ ló ṣì í kọ," mo ní. Mo ti páálí náà bọ àpò.

Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó yí i padà, ó tún wò ó. "Mo mọ̀," ó ní. "Orí mi ò gbàwé. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín ló wà lọ́kàn mi, tí mo fi kọ tiyín." Ó wá sún mọ́ mi. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wàhálà tẹ́ ẹ ṣe lórí mi."

Kò rín ìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní àpótí kì í gbé ọ́fíìsì, kí ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ẹ̀ lọ dá a padà. Sójà di àkàbà mú. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, irin náà ń dún.

"Máa gùn ún lọ," ó ní. "Ẹni tó gùn ún ní Sátidé ò gbọ̀n."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má fi í sílẹ̀. Mo gbé àpótí náà sí àyè ẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dúró dè mí. Mo dé ilé ìyàgbẹ́ òkè, mo fa omi gbígbóná, ooru rẹ̀ bo dígí, ibi tí ìka ọlọ́ṣẹ yẹn ti kọjá ò sì bò. Orúkọ mi yọ, gàdàgbà, lẹ́tà ìparí wọ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń wọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo fi aṣọ nù ún. Mo fa omi mìíràn. Ó tún yọ.