Ilé Tó Jìnnà Síbi Iṣẹ́

Ìyàwó káfíńtà ò tiẹ̀ gbọ́ fìnrín pé àwọn máa kó kúrò nílé. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, láti yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ilé wọn, tó fi bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń di bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù.

"Mo ti rí ilé sítòsí ṣọ́ọ̀bù mi," lọkọ wí. "Ó tóbi ju èyí lọ."

"Èmi ńkọ́? Báwo ni kí n ṣe máa débi iṣẹ́?"

"Ṣé mọ́tò ti tán nígboro ni?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Látìgbà náà, tí káfíńtà bá ti jí, á fọ ẹnu, á ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, á sọdá títì, ó dé ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ní tirẹ̀ á ti jáde nígbà tí ojú ọ̀run ṣì dúdú, tí ọmọbìnrin wọn ṣì ń sùn. Mọ́tò méjì ló ń wọ̀, á tún fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá kọjá. Tí ọ̀nà bá dáa, wákàtí méjì ni. Ọ̀nà ọ̀hún kì í sì í dáa. Kó tó débẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin á sì ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá ọmọ, o tún pẹ́! Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì tí ò láṣọ ni kí àwọn aláìsàn máa sùn?"

Á yára gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá kọjá, á lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ.

Tilé ló wá burú jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó kí ọkọ rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè lọkọ fi dá a lóhùn.

"Ọ̀dọ̀ ta lo wà?"

"Inú mọ́tò ni mo wà."

"Irọ́ ńlá! Gbogbo àsìkò yìí? Ṣé òkè òkun lo ti ń bọ̀ ni? Àbí o rò pé ọmọdé ni mí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Kò sunkún. Ó wo ọkùnrin yìí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Lọ́la, tẹ̀ lé mi."

Ó sì tẹ̀ lé e lóòótọ́, torí ó dá a lójú pé òun máa ká a mọ́ ibi tó ń yà sí. Wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ní ibùdókọ̀, èrò ti káfíńtà sẹ́yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nígbà tó ráyè wọ mọ́tò, ìdúró ló dúró, obìnrin kan tó gbé báàgì ràgàjì sì fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó bú obìnrin náà, ìyẹn sì bú u padà tìyátìbàbá. Lórí afárá, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn wò. Nígbà tí wọ́n fi máa dé géètì ilé ìwòsàn, oòrùn ti mú, ọ̀gá sì ti ń pariwo lọ́hùn-ún.

"Ṣé o ti wá rí i báyìí?" ni ìyàwó bi ọkọ rẹ̀.

Káfíńtà nu òógùn ojú. "Ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. O fẹ́ kó pẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sú ìyàwó pátápátá. Ó wọlé, ó fọṣọ títí iṣẹ́ fi parí, ó sì gba ọ̀dọ̀ onílé wọn àtijọ́ lọ. Yàrá wọn ti di tẹlòmíì, àmọ́ ọ̀kan kékeré wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní òun gbà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó di ẹrù tiẹ̀ àti tọmọ. Ọkọ dí ẹnu ọ̀nà.

"Tó o bá jáde, bẹ́ẹ̀dì tí mo fọwọ́ ara mi kàn ò ní bá ẹ lọ!"

"Máa sùn lórí ẹ̀. Ó kúkú sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Bi í."

Ọmọ ti di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Káfíńtà bú ìyàwó, ó bú ìdílé rẹ̀, ó bú ilé ìwòsàn. Nígbà tó bú gbogbo ẹni tó lè bú tán, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyá wẹ̀ fọ́mọ, ó di irun rẹ̀, ó jókòó tì í títí ó fi jẹun tán, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá máa fi dé, ìyá ọmọ ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ọṣẹ.

"Hẹ̀n-ẹ́n, ṣé ibí lo sùn mọ́jú ni?" ni ọ̀gá fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá ọmọ ń fún aṣọ lọ ní tirẹ̀.